ÀGA IGI ẸSRA



Nínú ìwé Nehemiah, orí kẹjọ, a rí Ẹsra akọ̀wé tí ó ń ka òfin Ọlọ́run ní ìta gbangba níwájú Ibodè Omi. A fi igi kan àga gíga fún un, kí tọkùnrin tobìnrin lè rí i. Ṣùgbọ́n àga náà nìkan kò tó: àwọn ọmọ Lefi ni ó wà láàárín àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi yé wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ ń wá dán ìkọ́ni wò ní Ìgbàyè àti àyíká rẹ̀, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ayé òde òní ní àga igi tirẹ̀. Ní 2013, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ gba orí rédíò àti tẹlifóònù. Ohun rere ni wọ̀nyí.

Síbẹ̀ a ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ní ọdún náà, orí tẹlifóònù àwọn òbí ni a ń fi ẹ̀kọ́ Bíbélì ránṣẹ́ sí, a sì rò pé a ti ṣe iṣẹ́ wa tán. Nígbà tí ilé-ìsìn tún ṣí, ọmọ àgbẹ̀ kan bi wá léèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ kọ́ àwọn yòókù?" Ìyá rẹ̀ kò ní tẹlifóònù. Ojú tì wá gidigidi. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́, kì í ṣe ọrẹ àánú. Àwa sì ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú láìmọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ àwọn ọmọ Lefi ní ilẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí ẹ̀kọ́ lè yé wọn dáadáa.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ yín, ẹ ka àwọn tí kò ní. Ẹ wọ agbo ilé, ẹ dé ọjà, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ọmọ tí kò wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀yin mọ ẹ̀rọ, àwọn mọ ilé. Olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní òdodo, kí ó kọ́kọ́ ṣe é lójú àwọn ọmọ.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń rí ẹni tí a gbàgbé. Àmín.