Ìfẹ́ Ló Ń Gùn Ún, Àbí Owó?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjì ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ń gùn ún nítorí pé ó wù ú. Èkejì ń gùn ún nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Èwo nínú wọn ló níyì jù?

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1874 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà yàtọ̀ sí tiwa o: ẹsẹ̀ iwájú ga tó àyà ọkùnrin, tẹ̀yìn kéré. Ẹni tó bá já bọ́, orí ló máa fi sọlẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Ion Keith-Falconer, ọmọ ìjòyè kan ní Scotland, wọ Cambridge. Ó gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀. Ní 1882, ó gùn ún láti ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpẹ̀kun àríwá Scotland, nǹkan bí 1,000 máìlì, ní ọjọ́ 13. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Èkejì ni John Keen. Òun ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà, ó sì ń fi í sáré gba owó. Ọ̀gá ni láàárín àwọn asáré-gbowó. Ní 1878 àwọn méjèèjì pàdé ní Cambridge. Ọmọ ìjòyè ló borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi ṣáájú.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọ́n jọ sáré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1879, àwọn tó ń darí ìdíje ọkọ̀ ojú omi ní Henley ṣòfin pé ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, bíi káfíńtà tàbí lébìrà, kò gbọdọ̀ bá wọn díje, ì báà má tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ rí. Ó di 1937 kí wọ́n tó fa gbólóhùn yẹn yọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣòdodo sí wọn. Owó máa ń ba eré jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta tẹ́tẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè gba rìbá kó sì fà sẹ́yìn. Àmọ́ ṣé owó iṣẹ́ ló fà á, àbí ojúkòkòrò? Káfíńtà tó gba owó àga kò tíì ta iyì rẹ̀. Ẹni tó gba owó igi gidi, tó wá fi igi jíjẹrà kàn án, òun ló tà á.

Wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kẹ̀kẹ́ Keith-Falconer pàápàá, owó ló gbé e. Owó ilé wọn ni. Bí èèyàn bá ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ti sanwó níbì kan.

Nílẹ̀ tiwa, a máa ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, kò sẹ́ni tó sọ pé ìlù rẹ̀ di irọ́. Kí ló wá dé tí a fi ń sọ fún olùkọ́ pé èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run? Mo mọ olùkọ́ kan tí wọ́n jẹ ní gbèsè owó oṣù mẹ́rin. Nígbà tó béèrè, ọ̀gá rẹ̀ ní, "Àbí ẹ ò fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí ni?" Ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n òun náà ní ọmọ nílé, a kì í sì í fi ìfẹ́ ra gààrí.

Èmi tí mò ń kọ èyí, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Ìdájọ́ tèmi rèé: ká yéé bi èèyàn bóyá ó gbowó, ká bi í pé kí ni owó kò lè mú un ṣe láéláé. Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, ì báà ṣe ọmọ ìjòyè, ì báà ṣe asáré-gbowó, kí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ wọn lórí pápá kan náà. Ẹni tó sì ń fi ìfẹ́ ọkàn ẹlòmíràn dá owó tirẹ̀ sí, kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn.