Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.” Òwe yìí máa ń há mi lọ́fun bí ẹjọ́ bá di ti ẹni tó pa ènìyàn níbi tó ti ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Ta la fẹ́ bi ní tòkú?

Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, abala 286, gbà pé ẹni tí wọ́n kọlù láìjẹ́ pé ó fa ìjà lè gbèjà ara rẹ̀ níwọ̀n tó yẹ. Bí ẹ̀rù ikú bá bà á nítòótọ́, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn, kò jẹ̀bi bí ẹni tó kọlù ú bá tilẹ̀ kú. Olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé irọ́ ló ń pa.

Ó dùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ká ní ọkọ fún ìyàwó lọ́rùn ní ilé ìdáná, tọ́wọ́ obìnrin ba ọ̀bẹ, tó sì fi gún ọkọ pa. Nígbà tí ọlọ́pàá yóò fi dé, ọ̀bẹ ni wọ́n máa rí. Àpá ọrùn a ti máa parẹ́. Kò lówó lọ́yà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa retí ìgbẹ́jọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó wà níbẹ̀. Lójú tèmi, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ọrùn rẹ̀ wò, kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.