Ẹrù Ogun ní Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àfi bí ẹni pé àwọn ológun òde òní gbọ́ òwe yìí. Jagunjagun lè wọ bàálù kí ó dé ojú ogun láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun onírin, àgbá, ọta àti epo wúwo jù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò lórí omi. Nítorí náà ni àwọn alágbára fi ń kó ẹrù ogun ṣíwájú, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí òkèèrè, kí ọmọ ogun lè fi ọwọ́ lásán wá bá a. Ọgbọ́n ni, n kò jiyàn. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ilẹ̀ ẹni tí a kó o sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Diego Garcia, erékùṣù kan láàárín Òkun Índíà. Ní 1965, ọdún mẹ́ta kí Mauritius tó gba òmìnira, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé àwọn erékùṣù Chagos kúrò lára rẹ̀; ní 1966 wọ́n bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ibùdó ológun. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà àti Madagascar wá ṣiṣẹ́ oko àgbọn ni púpọ̀ nínú wọn, ìran wọn sì ti sin òkú síbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1973, a ti kó gbogbo wọn lọ sí Mauritius àti Seychelles. Àwọn ajá wọn ni a kó jọ, tí a fi èéfín pa.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a máa pe àwọn ará ibẹ̀ ní alágbàṣe tí ń lọ tí ń bọ̀, kí ó má baà hàn pé erékùṣù náà ní onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, n kò sì lè fo èyí dá. A kọ́kọ́ fi ẹnu sọ onílé di àlejò ná, kí a tó fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Ní 1980 Amẹ́ríkà kó àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ó kún fún ohun ìjà sí ibẹ̀. Nígbà tí Iraq gba Kuwait ní oṣù Kẹjọ 1990, àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Saudi Arabia, àwọn ọmọ ogun sì wọ bàálù lọ pàdé wọn. Ẹnìkan lè wí pé ohun tí a kó pamọ́ náà ni ó ran Kuwait lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti erékùṣù kan náà ni bàálù ti gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí Iraq ní 2003, ogun tí ọ̀pọ̀ ayé kò fọwọ́ sí. Ta ni ó sì bi ará Chagos bóyá ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ ṣe ìtọrẹ fún ẹnikẹ́ni?

Àwa ráyè sọ tiwa. Ní 1960 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn wọ́de tako àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní 1962 a fagi lé e. A ní ìjọba tí a lè pariwo mọ́ létí.

Ní 2019 Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé wí pé gígé tí a gé Chagos kúrò kò bófin mu. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius fọwọ́ sí àdéhùn tuntun: kí ilẹ̀ di ti Mauritius, kí ibùdó ológun wà níbẹ̀ fún 99 ọdún. Ó gba Mauritius láyè láti dá ènìyàn padà sí àwọn erékùṣù yòókù, àyàfi Diego Garcia. Ìjọba méjì ni ó jókòó sídìí àdéhùn náà. Àwọn ará Chagos kò ní àga níbẹ̀.