Ọ̀gá Tó Ń Wá Òṣìṣẹ́, Kí Ló Ṣẹ́kù Sínú Igbá?

Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọdé tó jókòó ti àgbà nídìí oúnjẹ ń retí pé yóò ṣẹ́ díẹ̀ kù. Díẹ̀ tó kù yẹn ló ń mú un fò dìde láti palẹ̀ abọ́ mọ́. Bí àgbà bá wá fi ìka nu ìdí igbá tán, ta ni yóò bá a gbé e? Òwe yìí kì í kúrò lọ́kàn mi nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá délẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lásìkò yìí. Àwọn ọ̀gá ń pariwo pé àwọn kò rí ẹni gidi gbà síṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé iṣẹ́ kò sí, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ gba Ṣàngó Ọ̀tà kọjá, kí ẹ wo ara òpó iná. Bébà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Vacancy" sí lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa tajà. Kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ yára, ó gbọ́dọ̀ máa gbé nítòsí. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Ẹ kà á títí, ẹ kò ní rí iye owó oṣù, ẹ kò ní rí aago tí wọ́n ń ṣí tàbí aago tí wọ́n ń tì, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbà ló ti kọ síbẹ̀. Ohun tí òun yóò fi sílẹ̀ ni kò kọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì yẹ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin sọ pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà; ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ tirẹ̀ di ₦85,000. Òfin náà kò mú iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí òfin kò bá mú yín, owó ọkọ̀ mú òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó ń gbé ní Mowé tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, bí àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦2,000 péré lójúmọ́, tó sì ń lọ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ₦52,000 ti bá ọkọ̀ lọ. ₦18,000 ló kù nínú ₦70,000, kò sì tíì jẹun ọ̀sán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìṣirò yìí ti ń lé àwọn èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba èèyàn, ohun tó yẹ kó ṣáájú lẹ́nu yín ni pé, "Níbo lò ń gbé? Ọkọ̀ mélòó lo máa wọ̀ débí?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé owó yín kò lè gbé e délé, ẹ má gbà á, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Kò ní pẹ́ lọ, ẹ̀yin náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbà pé ebi ń pa ọ̀dọ́, pé iyekíye tí àwọn bá fún un ni yóò gbà. Ìṣirò NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, kò fara mọ́ èrò yẹn. Ní òpin ọdún 2020, wọ́n ní 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n ní 4.1. Kì í ṣe pé iṣẹ́ já bọ́ láti ọ̀run. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á padà ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti ṣe wákàtí kan ti níṣẹ́ lójú wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ̀gá nínú rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 náà, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe tara wọn. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yẹn ti ní nǹkan tó ń ṣe: ó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn, tàbí ó ń ta bàtà lórí WhatsApp. Bí owó yín kò bá ju èrè orí POS lọ, kí ni yóò wá ṣe lọ́dọ̀ yín láti aago méje òwúrọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́?

Àwọn tó mọṣẹ́ jù ti gba ọ̀nà òkèèrè lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó lóṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa ló gbabẹ̀ jáde, kó tó di pé wọ́n ti ilẹ̀kùn náà lóṣù Keje ọdún 2025. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé l'Ékòó. Tó bá di ọ̀rọ̀ kí wọ́n to táìsì, àwọn ọmọ Kútọnu àti Lomé ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, nítorí pé àwọn yẹn jókòó kọ́ iṣẹ́ dójú àmì.

Bẹ́ẹ̀ ìwé ìkéde wa ṣì ń béèrè ọmọ ọdún 25 tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó parí yunifásítì, tó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ìgbà wo ni yóò ti rí ọdún márùn-ún? Ẹ yan ọ̀kan: ẹ gba ọ̀dọ́ kẹ́ ẹ kọ́ ọ, tàbí kẹ́ ẹ gba ẹni ogójì ọdún, kẹ́ ẹ san owó ìrírí rẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú ju gbogbo èyí lọ: kéèyàn gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde èèyàn ní Nàìjíríà (Immigration) fẹ́ gba òṣìṣẹ́, àwọn tó san ₦1,000 láti du iṣẹ́ náà lé ní 500,000, àyè tó wà kò sì tó 5,000. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin, aboyún wà lára wọn. Ìwé iṣẹ́ ni wọ́n wá gbà. Títí dòní, àwọn ajẹ́ńtì ṣì wà tó ń gba owó fọ́ọ̀mù, tí wọ́n tún ń gba ìdajì owó oṣù àkọ́kọ́. Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Àdéhùn 181 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti là á sílẹ̀ láti 1997 pé kò yẹ kí ajẹ́ńtì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá gba ajẹ́ńtì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀.

Báwo wá ni ká ṣe mọ ẹni tó yẹ? Mo ti rí ọ̀gá télọ̀ kan ní Mushin tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn obìnrin méjì ló wá. Kò kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún àwọn méjèèjì, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àǹkárá tó ní ẹyẹ lára àti bébà tí ìwọ̀n ara oníbàárà wà nínú rẹ̀, ló bá padà sídìí maṣíìnì tirẹ̀. Ọ̀kan gbé sísọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Èkejì lọ aṣọ náà ná, ó tẹ́ ẹ, ó ń yí i títí gbogbo ẹyẹ fi kọjú sókè, kó tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ẹni àkọ́kọ́ ló tètè rán tirẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹyẹ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ dorí kodò. Ẹni tó pẹ́ ni ọ̀gá náà gbà. Ìbéèrè inú ọ́fíìsì, "Sọ nípa ara rẹ fún wa," kò lè fi èyí hàn án láéláé.

Ti ẹbí ńkọ́? Àwọn tó ń gba ọmọ ẹ̀gbọ́n síṣẹ́ a máa ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, n kò sì bá wọn jà. Ẹ ṣáà bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè bá a wí lójú àwọn yòókù láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ pè yín lálẹ́. Bẹ́ ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ fi owó ràn án lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gba ẹlòmíràn. Ní ti onídùúró, ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù lásán kì í dúró fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ tán lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti pẹ́ jù lójú tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ. Kí owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti ọjọ́ owó wà níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ti pé èèyàn 15, ti ìfẹ̀yìntì wọnú rẹ̀: ẹ̀yin ẹ mú 10 nínú ọgọ́rùn-ún wá, kí òun mú 8.

Ó ku àwọn tẹ́ ẹ kò gbà. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì pé ẹ ti rí ẹni gbà, nítorí ẹni tó ń retí ìpè yín lè máa pa iṣẹ́ mìíràn tì nítorí yín. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó ṣìkejì. Bí físà ẹni tẹ́ ẹ gbà bá jáde lóṣù kẹta, òun lẹ máa kọ́kọ́ pè.