Bíbo Àléébù Mọ́lẹ̀ Kì í Ṣe Àtúnṣe

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ohun ìní máa bi ara rẹ̀: nígbà tí ohun tí mo ní bá bàjẹ́, ǹjẹ́ èmi nìkan ni ìbàjẹ́ náà kàn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn kíákíá pé, 'Tèmi ni. Owó mi ni mo fi rà á. Bí mo tún un ṣe, bí n kò tún un ṣe, kò kan ẹnikẹ́ni.' Ìdáhùn yìí dùn létí. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ògbólógbòó kan yẹ̀ ẹ́ wò, kí á mọ̀ bí ó bá jẹ́ òtítọ́.

Ìwọ òǹkàwé mi, jẹ́ kí á sọ pé o ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti lò ó lókè òkun kí ó tó gba ojú omi dé Kútọnu tàbí Èkó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáradára, ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó ní. Èkíní, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ kò mú nǹkan tutù mọ́. Èkejì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wọ́ sílẹ̀. Àfi bí a bá gbé e sókè díẹ̀ kí á tó gbá a, kì í padé. Kí ni ìwọ yóò ṣe?

Jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ amúlétutù náà. Gáàsì inú rẹ̀ kò dà bí epo bẹntiróòlù tí ń jóná tán. Inú ọ̀pá tí a dí pinpin ni ó ti ń yí po. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a fún un pọ̀, yóò sì gbóná. Yóò lọ sí iwájú ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gba ooru lára rẹ̀ títí yóò fi di olómi. Yóò gba ojú ihò tóóró kan kọjá, yóò sì di tútù rinrin, yóò wá máa gba ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Gáàsì kan náà ni ó yẹ kí ó máa lọ kí ó sì máa bọ̀ fún ọdún pípẹ́. Nítorí náà, bí ó bá dín púpọ̀, ibì kan ni ó ti ń jò.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ. Ọ̀nà tí ó yá ni pé kí o ní kí wọ́n rọ gáàsì mìíràn sí i. Ọkọ̀ yóò tutù lónìí, ìwọ yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ooru tí ń mú ọ ni làpálàpá. Ojú ibi tí ń jò ni ẹ̀tẹ̀. Òróró tí ń mú kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ a máa bá gáàsì náà rìn, a sì máa bá a jò jáde. Bí ó bá tán, irin yóò máa ha irin, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò sì gan pa. Ọ̀nà kejì gba sùúrù: kí á fi ìfófòó ọṣẹ wá ojú ibi tí ń jò ní oríkèé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí á pààrọ̀ òrùka rọ́bà tí ó ti gan, kí á fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú ọ̀pá jáde, kí á sì wọn gáàsì sí i níwọ̀n tí ó yẹ.

O lè wí pé, 'Bí mo bá yan ọ̀nà èkíní, owó ara mi ni mo fi ṣòfò.' Ṣùgbọ́n níbo ni gáàsì tí ó jò náà lọ? R-12 ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń lò. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè ba òsóònù jẹ́, èyí tí ó wà lókè réré tí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ apá tí ó burú nínú ìtànṣán oòrùn. Ní ọdún 1987 àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Montreal, wọ́n sì fi ẹnu kò láti dín àwọn gáàsì náà kù. R-134a tí ó rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ kì í ba òsóònù jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ a máa mú ayé gbóná ju bí kílò kan gáàsì tí ń ti inú èéfín iná jáde ti lè ṣe lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 1,000 lọ láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdí nìyí tí a fi tún ṣe àdéhùn mìíràn ní Kigali ní ọdún 2016 láti dín òun àti irú rẹ̀ kù. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan. Àgbẹ̀ tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá wà lábẹ́ ojú ọ̀run tí gáàsì rẹ jò sí.

Wàyí o, wo ilẹ̀kùn náà. Irin kékeré kan ni ó gún àgbékọ́ tí ilẹ̀kùn fi rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, òrùka idẹ sì yí irin náà ká. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá gbó, ilẹ̀kùn a wọ́ sílẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ kì í sì í pàdé ibi tí ó yẹ kí ó há sí. Bí a ti ń fi agbára gbá a tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bàjẹ́ sí i. Síbẹ̀, kò dìgbà tí a bá ra ilẹ̀kùn tuntun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi jáàkì gbé ìdí ilẹ̀kùn ró, yóò yọ irin àti òrùka tí ó ti gbó, yóò sì fi tuntun sí i.

Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá wá tó ju àtúnṣe kan lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yan ìtutù, nítorí pé awakọ̀ ni ooru ń mú. Ta ni ó ń jókòó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ìyá tí ń ti ọjà bọ̀ ni, tàbí ọmọ aládùúgbò tí o gbé dé ilé ìwé. Ooru a máa ni ènìyàn lára. Ilẹ̀kùn tí ó bá ṣí lójijì lórí eré lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ṣáájú ẹ̀mí ẹlòmíràn ti dáhùn ìbéèrè wa, ìdáhùn náà kò sì dára.

N kò dá tálákà lẹ́bi. Ẹni tí kò lówó lè ṣí fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi ṣe ọ̀nà, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti ilẹ̀kùn tí kò dára. Àìní lè dá àtúnṣe dúró. Kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti bo àléébù mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni ìdánwò gan-an yóò dé. Bí o bá rọ gáàsì sí i láàárọ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ wá rà á lè bá a ní tútù, o ti purọ́ bí ẹnu rẹ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Sọ òtítọ́ fún un, kí o sì gba iye tí ó yẹ ọkọ̀ náà.

Bí ti ọkọ̀ ti rí ni ti ìwà rí. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́ fún ìbínú rẹ̀, tí kò sì wádìí ohun tí ń fa ìbínú náà, gáàsì ni ó ń rọ sínú ọ̀pá tí ń jò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́, wá ojú ibi tí ògiri rẹ ti lanu, kí o sì dí i, nítorí pé ìwọ nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú ilé náà.