Kálípà Tó Há: Àyànmọ́ Ni àbí Àfọwọ́fà?

Kálípà ni irin tó ń di díìsìkì táyà ọkọ̀ mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ṣe ń di irin gbígbóná mú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró á ti písítìnì, písítìnì á ti páàdì, táyà á sì dúró. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ tú sílẹ̀. Èyí tó há kì í tú sílẹ̀. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan á máa gbóná, òórùn iná á máa jáde, ọkọ̀ á máa fà sí apá kan. Ìpata, eruku, róbà tó ya tàbí họ́ọ̀sì tó wú nínú ló sábà ń fà á. Ewu rẹ̀ sì wà nínú ooru. Ìlànà òróró bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 ni pé, nígbà tó bá ṣì tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bó bá ti fa ọ̀rinrin, 155°C lè hó o, bíréèkì ò sì ní mú mọ́.

Ní Odòmẹ́ta, lábẹ́ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé pe irin yìí ní étrier, bí i ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ohun méjì ni ènìyàn máa ń sọ bí bíréèkì bá já: àyànmọ́ ni, tàbí àfọwọ́fà ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe eré, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Nínú ìtàn Ifá, Àjàlá ló ń mọ orí, kì í sì í ṣe gbogbo orí tó mọ ló jiná. Ẹni tó bá mú èyí tí kò jiná, òjò á pa á lọ́nà, á sì máa ṣí. Ibí yìí ni àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyànmọ́ máa ń dúró sí. Ìtàn náà kò dúró síbẹ̀: ẹni tí orí rẹ̀ ṣí lè ṣiṣẹ́, kó sì fi èrè iṣẹ́ rẹ̀ tún un ṣe. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ṣàlàyé rẹ̀ pé orí nìkan kò tó, àfi kí ẹsẹ̀, ìyẹn ìgbìyànjú, bá a rìn. Ojú lalákàn sì fi ń ṣọ́rí. Táyà tí ọwọ́ ti mọ̀ pé ó ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ti kúrò lọ́dọ̀ Àjàlá, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ògún ńkọ́, ẹni tó ni irin? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bọ ọ́. Ní kóòtù Nàìjíríà, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí Kristẹni lè fi irin búra. Òtítọ́ ni ìbúra yẹn ń dì mú. Nítorí náà, ẹni tó pa ajá fún Ògún tó sì fi bọ́ọ̀tì kálípà sílẹ̀ láìfún, irọ́ ló pa lójú irin. Irin àlòkù kò burú níwájú òrìṣà yìí: ère Gú, orúkọ tí àwọn Fọn ń pe Ògún, èyí tí Akati Ekplékendo rọ nígbà ọba Glèlè, irin àlòkù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Kálípà tòkunbọ̀ tí wọ́n tú, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ róbà rẹ̀, ó tó.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ kálípà ṣe é ṣe nílé. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, orí pákó tó nípọn ni jáàkì ń dúró. Wọ́n á fi òkúta há àwọn táyà tó kù, wọ́n á sì fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Wáṣà bàbà tuntun ni wọ́n ń fi sí ẹnu họ́ọ̀sì, nítorí èyí àtijọ́ ti tẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Òkè ló gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá fi kálípà òsì sí ọ̀tún, ihò náà á dorí kodò, afẹ́fẹ́ á sá sókè, kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì rì bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Lójú ẹni tó wà níta, gbogbo bọ́ọ̀tì ló pé. Ìyá tó gbé ẹrù àgbàdo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Kétu kò lè mọ̀. Ẹni tó tún un ṣe nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi wà.

Àwọn ẹ̀sìn tó kù kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Diutarónómì 22:8 ní kí ẹni tó kọ́ ilé ṣe ìgbátí sí òrùlé, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lórí ilé náà. Hàdíìsì kan sì sọ bí Ànábì ṣe ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ kó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Wọ́n gbà pé agbára Ọlọ́run wà, síbẹ̀ wọ́n fi okùn sí ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kò ní àwáwí nínú àìmọ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ń bẹ nítòsí tí kò sì pè é.

Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí táyà tó yí rárá. Wọ́n á wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á dúró, wọ́n á sì na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kan díìsìkì. Bí ti tuntun bá gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, họ́ọ̀sì ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, ọkọ̀ ò sì ní gbé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.