Ohun Èlò A Máa Gbó, Àmáánà Kì Í Gbó

Kùtùbá Kìn-ín-ní

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí kì í gbó, tí kì í yí padà, tí ó dá ohun gbogbo tí ń gbó, tí ó sì ń yí padà. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Rẹ̀. A sì jẹ́rìí pé Ànábì wa Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ẹsẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, nítorí òun nìkan ni ẹrù ìrìnàjò tí ó ń bá ẹni dé ilé.

Nínú Sūratu n-Naḥl, Ọlọ́hun ka ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa láti máa gùn, kí wọ́n sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ fún wa. Lẹ́yìn èyí ni Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun tún ń dá ohun tí àwa kò mọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ọkọ̀ ojú irin, kò mọ bàálù, kò mọ fóònù tí ń gbé ojú ẹni láti Èkó dé Jíddà. Àwa mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé orí wa ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ohun tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa lò, àwa náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo iye ohun tí ó ti dé tí ó sì ti lọ lójú ẹnì kan ṣoṣo. Nínú àwọn àgbà tí ó jókòó ní sàfù iwájú lónìí, a rí ẹni tí ó rántí àpótí Redifúṣọ̀n, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ Èkó ní ọdún 1935, tí wọ́n ń fi wáyà fà wọnú ilé onílé. Wọ́n rántí tẹ́lígíráàmù, tí a ń ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí á tó sanwó, tí ó fi jẹ́ pé ìròyìn ikú bàbá ẹni lè máà ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ. Wọ́n rántí tẹlifóònù orí tábìlì, tí odidi àdúgbò ń wọlé ọ̀gá kan láti gbà. Nígbà tí fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù orí tábìlì tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan. Lónìí, ìlà fóònù tí ń ṣiṣẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù 150. Àwọn arábìnrin wa ta ìṣẹ́jú ìpè lábẹ́ agbòòrùn títí tí olúkúlùkù fi ní fóònù tirẹ̀, tí ọjà náà sì kú. Abẹ́ agbòòrùn irú rẹ̀ ni àwọn oní-POS jókòó sí báyìí. Kí àwọn náà má ṣe fọkàn balẹ̀ jù.

Àwọn àgbà wa sọ pé ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ohun èlò gbó, ẹnikẹ́ni kò sì pa á láṣẹ fún wa pé kí á máa sunkún àtùpà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí mùsùlùmí bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni ohun èlò náà gbé lọ́wọ́ kí ó tó lọ, ta ni ó sì gbé e lé lọ́wọ́? Ohun èlò a máa gbó, ṣùgbọ́n àmáánà, ìyẹn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni láti tọ́jú, kì í gbó. Nínú Sūratu n-Nisāʾ, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí á dá àmáánà padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Kò yọ àmáánà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. A ó yẹ mẹ́ta wò nínú wọn.

Èkíní ni ìmọ̀ àti ohùn àwọn tí ó ti lọ.

Ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa, ó di ohun èlò wáàsí. Àwọn ààfáà tí kò tẹ ìwé kankan, tí ilé-iṣẹ́ rédíò kò sì pè rí, kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé ohùn wọn dé ọjà, dé ibùdókọ̀, dé abúlé oko. Àwọn ènìyàn a máa sá bátìrì sí oòrùn kí ó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Wọn a máa fi bírò yí okùn rẹ̀ padà kí bátìrì má baà tán. Púpọ̀ nínú àwọn ààfáà náà ti papò dà. Ohùn wọn wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, lókè àjà, nínú yàrá tí òjò ń jò sí.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a fi lẹ́búlẹ́bú ìpẹtà irin ra lára. Ara lẹ́búlẹ́bú yẹn ni ohùn wà. Ooru a máa ká okùn náà kò, ọ̀rinrin a máa mú kí ó bu, lẹ́búlẹ́bú náà a sì máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lù ú ti ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń darúgbó, wọ́n sì ń lọ. Ọjọ́ tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, odidi páálí wáàsí kò yàtọ̀ sí páálí òkúta.

Irú ìpayà yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn sàábé Ànábì. Lẹ́yìn ogun Yamāmah, ní ìgbà ìṣàkóso Abū Bakr, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí ni wọ́n pa sójú ogun. ʿUmar lọ bá Abū Bakr, ó ní kí wọ́n kó Àlùkùránì jọ kí ikú tó kó àwọn tí ó há a tán. Abū Bakr kọ́kọ́ lọ́ra, nítorí pé Ànábì kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ọlọ́hun fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí i. Zayd ọmọ Thābit ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó kó o jọ láti ara imọ̀ ọ̀pẹ, láti ara òkúta pẹlẹbẹ, àti láti inú àyà àwọn ènìyàn. Ọlọ́hun ni olùṣọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ènìyàn ni Ó fi ṣọ́ ọ. A kò fi wáàsí ààfáà kankan wé Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yé wa: inú ọkọ̀ tí ó fẹ́ rì kọ́ ni a ń fi ẹrù sílẹ̀ sí.

Ànábì kọ́ wa pé bí ọmọ ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ a já, àyàfi láti ọ̀nà mẹ́ta: sàráà tí ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jàǹfààní, àti ọmọ rere tí ń ṣe àdúà fún un. Ẹni tí ó bá da kásẹ́ẹ̀tì ààfáà sí ààtàn láìgbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ mọ bí a ti ń fi wáyà so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ gba àwọn ohùn náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ ààfáà, ìlú àti ọdún mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣe fi í sí ojú kan, nítorí ibi tí ẹ ń kó o sí lónìí náà ń bọ̀ wá gbó.

Èkejì ni àṣírí ẹni tí kò mọ ohun èlò náà lò.

Nígbà kan, àwọn akọ̀wé wà tí wọ́n ń gbé tábìlì sí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì ń bá a ka èsì. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ìdálẹ̀, gbèsè tí bàbá jẹ, àìsàn tí ìyá kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́: akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀, èyí tí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí nínú wọn a sì gbé e mì. Tábìlì wọn ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kúrò láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìyá àgbà na fóònù sí, tí ó ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”, òun ni akọ̀wé òde òní. Ó rí iye owó tí ó wà ní báńkì. Ó mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì. Ó ka ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sí i.

Àwọn kan ń ti ọ̀nà yìí yọ owó òbí wọn díẹ̀díẹ̀, wọn a sì ní báńkì ni ó yọ ọ́. Olè ni, kí á má fún un ní orúkọ mìíràn. Àwọn kan kò jalè, ṣùgbọ́n wọ́n ń kanra. Wọn a já fóònù gbà, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní, “Ṣé mi ò ti fi hàn yín lánàá ni?” Nínú Sūratul-Isrāʾ, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ lásán sí òbí tí ó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ fóònù tẹ̀, òun ni ó kọ́ wa ní Fātiha, òun ni ó bu omi sí wa lọ́wọ́ tí ó fi bí a ti ń ṣe àlùwàlá hàn wá, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ yan ẹni tí ẹ ti dán wò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà àṣírí yín lé ẹnikẹ́ni tí ó pè yín lórí fóònù lọ́wọ́, ìbáà ní láti báńkì ni òun ti ń pè.

Ẹ̀kẹta ni gbèsè àti ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì.

Āyah tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì wà nínú Sūratul-Baqarah, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí i ni ó sì dá lé. Àwọn ìyá wa oníṣòwò ní ìwé gbèsè kan tí epo ti ta sí, tí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ lè ṣí bí wọ́n bá kú. Lónìí, inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni gbèsè wa wà, owó wa sì wà nínú fóònù tí ìka ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ń ṣí. Bí ẹni náà bá kú, àwọn ọmọ kò ní mọ ohun tí ó jẹ, wọn kò ní mọ ohun tí a jẹ ẹ́. Olówó lè wá, kí wọ́n pè é ní òpùrọ́ nídìí òkú. Ànábì kọ́ wa pé mùsùlùmí tí ó bá ní ohun tí ó yẹ kí ó sọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé àsọọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí, ìwé àti bírò kò tíì gbó.

Èyí ni a rí sọ. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin, àti fún gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

Kùtùbá Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ohun èlò kan ṣì kù tí a kò tíì dárúkọ, òun ni ara tiwa. Ojú tí ń ka lẹ́tà wínníwínní lónìí yóò ṣú. Ọmọ tí fóònù kò lè mú lónìí yóò di arúgbó, yóò sì na ohun kan tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ sí ọmọ ọmọ rẹ̀, yóò ní kí ó bá òun wò ó. Bí ó bá ti ṣe sí àwọn àgbà tirẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó wà nílé yóò ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, kí olúkúlùkù ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ó wo inú páálí ilé, bóyá ohùn ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí á gbà sílẹ̀. Kí ó jókòó ti àgbà kan fún wákàtí kan, kí ó bá a yanjú ohun tí ó rú u lójú nínú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Kí ó sì kọ ohun tí ó jẹ àti ohun tí a jẹ ẹ́ sínú ìwé, kí ó fi ibi tí ìwé náà wà han ẹni tí ó fọkàn tán.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí àmáánà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣàánú àwọn ààfáà wa tí ó ti lọ, jẹ́ kí ìmọ̀ wọn máa ṣàn lẹ́yìn wọn. Fún àwọn àgbà wa ní ìlera, fún àwọn ọmọ wa ní sùúrù àti ọwọ́ mímọ́. Má ṣe jẹ́ kí gbèsè bá wa wọ sàréè. Tún ìlú wa ṣe, kí O sì jẹ́ kí ìkẹyìn wa dára. Àmín.

Ẹ gbé ìrun dúró.